Lẹ́tà Ṣíṣí sí Màmá Onílé-Ìwé Wa ní Kubwa, Lórí Ìtanràn Tí Ẹ Fi Lé Àìsàn

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó ilé-ìwé.

Ìwé ìkéde tí ẹ fọwọ́ sí ní ọ̀sẹ̀ tí a wọlé sáà kejì ni ó mú mi gbé kálàmù. A bá a lára pátákó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn olùkọ́, ìlà mẹ́fà péré ni. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òṣìṣẹ́ yòówù tí ó bá pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn, tí kò sì mú ìwé dókítà dé ọ́fíìsì kí aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an tó lù, yóò san ìtanràn ₦5,000 lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Pé ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí ilé-ìwé yàn ní Wuse, láàárín ìlú Abuja, ni a óò ti máa gba ìwé náà. Àti pé ẹni tí àìsàn bá mú ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nínú sáà kan, kí ó máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ìbuwọ́lù yín ni ìlà kẹfà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí n kò wá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yín kí n tó bọ́ sí gbangba. Mo kàn án, Màmá. Àwa òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni a buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a fi rán igbákejì ọ̀gá sí yín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá, èsì kan ṣoṣo tí a sì rí ni pé wọ́n yọ ìwé ìkéde ti àkọ́kọ́ kúrò, wọ́n lẹ òmíràn tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi jù ú lọ mọ́ ibẹ̀. Àwọn òbí ni wọ́n ni ọmọ tí ń bẹ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ipò tí ara ẹni tí ń bu oúnjẹ fún ọmọ wọn wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta. Mo fi orúkọ ilé-ìwé pamọ́ nítorí pé n kò wá ba ọjà yín jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn yóò mọ ara rẹ̀. Èdè Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí òun ni ẹ fi gbà mí síṣẹ́ ní ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí ẹ bi mí pé ọmọ ibo ni mí, tí mo dáhùn pé Kabba, tí ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà sì rẹ́rìn-ín pé ará ilé kan náà ni wá. Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

1. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ṣáájú, nítorí pé èmi gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru ti gba ìlú, tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì lọ tán, mo jí, ojú òsì mi kò sì ṣí. Ìpin ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣí i, tí mo wo dígí, kò sí àní-àní mọ́: Apollo ni. Ọdún 1969 ni irú àrùn ojú yìí bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ọdún kan náà tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sí orí òṣùpá, ni àwọn ènìyàn bá so orúkọ ọkọ̀ náà mọ́ ọn. Ọkọ̀ ti padà wálé láti ìgbà náà. Àrùn kò tíì lọ.

Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Kubwa lójú ẹsẹ̀, tí ọ̀nà kò sì dí, mo lè dé Wuse kí aago méje tó lù. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí ibi tí a ti ń gba káàdì ní ilé ìwòsàn tí ẹ yàn, dókítà kì í sì jókòó kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ìwé wo ni mo fẹ́ gbé dé ọ́fíìsì yín ní aago méje ààbọ̀? Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀kejì, bóyá mo ṣì í, ó já sí ibì kan náà. Owó tí ó kù lọ́wọ́ mi títí oṣù yóò fi parí kò tó ìtanràn ọjọ́ méjì. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, mo ra awò dúdú ní ₦1,500 lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ń kiri lẹ́bàá ọjà Kubwa, mo gbé e sójú, mo wá síṣẹ́.

Mo rò pé awò náà yóò dáàbò bo àwọn ọmọ, nítorí ohun tí a gbọ́ láti kékeré ni pé ẹni tí ó bá wo ojú alápólò ni yóò kó o. Irọ́ pátápátá ni. Nọ́ọ̀sì kan ni ó padà ṣàlàyé fún mi pé àrùn yìí kì í gba inú wíwò ràn. Ọwọ́ ni ó ń gbé e kiri, àti aṣọ ìnujú, àti ohunkóhun tí ọwọ́ aláìsàn bá kàn kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó kàn án. Awò dúdú kò sì di ọwọ́ mi. Omi ń dà lójú mi, mo ń fi áńkáṣíìfù nù ún lábẹ́ awò, mo sì ń fi ọwọ́ kan náà máàkì ìwé ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n. Ọmọbìnrin kékeré kan wà ní ìjókòó iwájú tí ìrù lẹ́tà “g” rẹ̀ máa ń kọjú sí ibi tí kò yẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ kọ “g” mẹ́wàá sórí ìlà, ó sì dára. Bí a ti parí, ó fi ìka tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nu ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ojú ọmọ náà ti wú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ mẹ́tàlá ni kò wá sí kíláàsì mi, ó sì ti mú olùkọ́ méjì. Ẹ ti kíláàsì náà pa fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé àrùn kan ni ó gbòde. Èmi ni mo gbé e wọlé, Màmá, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tí wọ́n ra oògùn ojú nítorí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, kíláàsì kan ṣoṣo ni ì bá pàdánù olùkọ́, ẹnikẹ́ni kì bá sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

2. Ìtanràn yín ju owó ọjọ́ iṣẹ́ lọ. Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni òfin ti sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000, iye yìí gan-an ni ẹ sì ń san fún àwọn àǹtí tí ń tọ́jú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, kò lé, kò dín. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún, ti ọjọ́ kan kò pé ₦3,200. Ẹni tí ó bá wá fi ọjọ́ kan ṣàìsàn yóò san ₦5,000, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti fi iṣẹ́ ọjọ́ kan àti ààbọ̀ tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀ san gbèsè ọjọ́ kan tí kò lè ṣe. Ẹ kó owó ọkọ̀ Wuse ní àlọ àti àbọ̀ lé e, ẹ fi owó káàdì kún un. Èyí ni ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ń rò ní ìdájí nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná, ẹ sì ń retí pé kí ó mú ìpinnu tí ó tọ́.

3. Òfin kò sí lẹ́yìn ìwé ìkéde yín. Ẹ̀ka 16 nínú Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí a mọ̀ sí Labour Act, sọ pé bí àìsàn ìgbà díẹ̀ bá dá òṣìṣẹ́ dúró, tí dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin sì jẹ́rìí sí i, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tó 12 láàárín ọdún kan. Ọjọ́ méjìlá, Màmá, pẹ̀lú owó. Ibi tí òfin ti ń san owó fún aláìsàn ni ẹ̀yin ti ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí i nínú ẹ̀ka náà pé Wuse ni dókítà gbọ́dọ̀ wà, n kò sì rí aago méje ààbọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ka 5 nínú òfin kan náà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó kankan nínú owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, kò sì gbà á láyè kí ó bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí tí ẹ pín fún wa ní oṣù Kìíní, tí a fi ìbẹ̀rù kọ orúkọ wa sí, kò lè gbà yín sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí agbẹjọ́rò yín yóò sọ. Yóò ní òfin yẹn yọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe àti iṣẹ́ ìṣàkóso kúrò nínú àwọn tí ó ń pè ní òṣìṣẹ́, pé olùkọ́ kò sí nínú wọn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá a jiyàn. Ṣé ìyá alásè náà kò sí nínú wọn ni? Awakọ̀ ńkọ́, àti àwọn tí ń gbálẹ̀, àti bàbá tí ń ṣọ́ géètì? Àwọn yìí gan-an ni owó oṣù wọn kéré jù, àwọn gan-an sì ni ẹ kọ́kọ́ gba ìtanràn lọ́wọ́ wọn.

4. Ní ti ìyá alásè, n kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé opó ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí lẹ́tà mi. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, mo wọ ilé ìdáná ní bí i aago mẹ́wàá láti bu omi mu. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń sè. Wọ́n gbé ṣíbí ńlá lé orí ìdérí ìkòkò, wọ́n di inú mú, wọ́n sì sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ìgbà kẹrin rèé láti ìdájí. Ẹ̀rọ omi kò yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mai ruwa tí ń ta omi kiri kò sì tíì ti bàrò rẹ̀ dé. Omi tí ó kù nínú bútà ni wọ́n fi ṣan ọwọ́, láìsí ọṣẹ, tí wọ́n sì tún gbé ṣíbí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àǹtí, ṣé ìwọ ni yóò san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà?” N kò lè dá wọn lóhùn.

Inú ń run ọmọ mẹ́jọ ní ọjọ́ kejì. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé láti ọwọ́ ìyá ni ó ti wá, nítorí pé omi náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ìlànà ìmọ́tótó oúnjẹ kò ní iyèméjì lórí èyí: ẹni tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tí ń bì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ẹlòmíràn, kò sì gbọ́dọ̀ padà sí ìdí ìkòkò títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tí ó yà gbẹ̀yìn. Ọjọ́ méjì gbáko nìyẹn lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Nínú ìwé ìkéde yín, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ọjọ́ méjì náà.

Ti awakọ̀ kò gùn. Ọ̀fìnkìn mú Malam, ó ra oògùn ní kẹ́míìsì, irú èyí tí ń múni sùn, ó lò ó ní aago mẹ́fà, ó sì gbé àwọn ọmọ Dawaki sínú bọ́ọ̀sì ní aago méje. Àǹtí tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó rí i pé ọkọ̀ ti ń fì lọ sí etí ọ̀nà lórí títì márosẹ̀ Kubwa, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré bí ẹni tí a ń lé. Ó pariwo orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Gbogbo yín ni ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé, ẹ sì bá Malam wí pé kò kíyè sára. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ló dé tí kò fi sùn sílé.

5. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ó yẹ kí ó dá ènìyàn dúró sílé, ibí yìí sì ni ìwé ìkéde yín ti kùnà jù lọ, nítorí pé ó ka gbogbo àìsàn sí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, kò sì sọ ìgbà kan rí pé kí ẹnikẹ́ni dúró sílé.

Ẹ wo ibà tí a mọ̀, tí ẹ̀fọn ń fà. Ẹni tí ó ń ṣe kò lè kó o ran ọmọ kankan nínú kíláàsì. Bí ó bá jókòó sílé, nítorí ara tirẹ̀ ni: oògùn ibà tí a ń lò báyìí jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà ni a ó lò ó, ẹni tí ó bá sì ń bì í jáde lórí ìdúró níwájú pátákó kò tíì lo oògùn. Ọjọ́ kan tàbí méjì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbé ẹsẹ̀. Ọ̀fìnkìn lásán, tí kò sí ara gbígbóná nínú rẹ̀, kò yẹ kí ó dá olùkọ́ dúró. Kí ó máa fọ ọwọ́, kí ó sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń sín. Èmi fúnra mi kò ní fi ọ̀fìnkìn pa iṣẹ́ jẹ, n kò sì ní gbè lẹ́yìn ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ara gbígbóná ni ọ̀rọ̀ yí padà sí. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ara ti gbóná dé 38, kí olúwarẹ̀ dúró sílé, kí ó má sì padà títí odindi ọjọ́ kan yóò fi kọjá tí ara kò gbóná mọ́, láìlo Panadol. Mo tẹnu mọ́ Panadol nítorí pé òun ni gbogbo wa fi ń tan ara wa jẹ. A ó lo méjì ní aago mẹ́fà, ara yóò tutù títí di aago mẹ́wàá, a ó sì ní ó ti lọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ̀yin náà ń ṣe é fún àwọn ọmọ yín. A mọ̀ ọ́n nítorí pé aago mọ́kànlá ni wọ́n máa ń sunkún sí wa lọ́rùn.

Àárín gbùngbùn àríwá orílẹ̀-èdè yìí ni a sì wà, Màmá, tàbí ká sọ pé ẹnu-ọ̀nà àríwá, níbi tí ara gbígbóná ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Yírunyírun, àrùn meningitis tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, ní àkókò tirẹ̀ láàárín ọyẹ́ àti òjò àkọ́rọ̀. Ní ọdún 2017, nígbà tí ó jà ní Zamfara àti Sokoto àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, ó lé ní 1,100 ènìyàn tí ó kú, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ sì le tí kò lè tẹ̀ ẹ́ kan àyà, kò ní ìṣẹ́jú kan láti fi wá ìwé. Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù ni kí ó sáré lọ. Ibà Lassa, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán. Ikọ́ tí ó bá sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó kàn, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ ti mọ gbogbo èyí rí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sé Abuja mọ́lé ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, tí a sì padà wọlé lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ dúró ní géètì pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó dà bí ìbọn, tí ẹ ń yìn ín sí iwájú orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá mi padà ní ọjọ́ kan nítorí pé ó fi 37.9 hàn. Ẹ ní, “Máa lọ sílé, ọmọ mi, má wulẹ̀ pa wá.” Ẹ san owó ọjọ́ náà fún mi. Ẹ̀rọ yẹn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tábìlì akọ̀wé, mo rí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Bátìrì rẹ̀ ti yọ omi.

6. N kò sọ pé kò sí òpùrọ́ láàárín wa. Àìsàn ọjọ́ Ajé wà, gbogbo wa ni a mọ àwọn tí ó máa ń mú, a sì mọ̀ pé kì í mú wọn ní ọjọ́ tí a ń gba owó oṣù. Ẹ ní ìdí láti bínú. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ kì í bẹ̀rù ìwé dókítà, nítorí pé yóò rà á; ẹni tí kò lè rà á ni òtítọ́ ń bá jà. Bí ẹni kan bá ń sá iṣẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí a ń fọwọ́ sí láràárọ̀ yóò fi í hàn láàárín oṣù méjì: ẹ pè é, ẹ bá òun nìkan sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bùn tí ẹ fún ẹni tí kò pa iṣẹ́ jẹ rí ní ìparí sáà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ń dùn mí. A pàtẹ́wọ́ fún olùkọ́ náà, ó gba ₦20,000, ó sì wúkọ́ títí ó fi padà dé ìjókòó rẹ̀. Ó ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà náà. Kò fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò nítorí pé ọjọ́ kan tí ó bá lọ ni ẹ̀bùn náà ti bọ́. Nígbà ìsinmi Kérésì ni ó tó lọ, a dúpẹ́ pé eruku ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógójì tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwa náà kò sì mọ̀.

7. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹ yọ ìwé ìkéde náà kúrò lára pátákó, kí ẹ sì dá owó ìtanràn padà fún gbogbo ẹni tí ẹ ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kìíní. Orúkọ wọn àti iye rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé owó. Kí ọjọ́ méjìlá tí òfin sọ di ti gbogbo òṣìṣẹ́, olùkọ́ àti aláìṣolùkọ́, kí ẹ má fi ẹnu agbẹjọ́rò pín wa sí méjì.

Fún àìsàn ọjọ́ kan, kí ìpè orí fóònù sí igbákejì ọ̀gá kí aago mẹ́fà tó lù tó. Bí ó bá wọ ọjọ́ kejì, kí a mú ìwé wá nígbà tí a bá padà, láti ọwọ́ dókítà yòówù tí ó ní ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ ní Kubwa, ìbáà jẹ́ ní Gwagwalada. Ní ti ìgbẹ́ gbuuru, èébì, Apollo àti ara gbígbóná, a fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé dandan ni kí òṣìṣẹ́ dúró sílé, pé ẹni tí ó bá wá ni ó ṣẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ó lè padà sí abẹ́ rẹ̀. Lára pátákó kan náà ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ẹni tí yóò dí àyè aláìsàn. Àwa olùkọ́ ti jókòó lórí èyí. A ti kọ orúkọ wa ní méjì-méjì, kí ẹnì kan lè mú kíláàsì ẹnì kejì rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ilé ìdáná nìkan ni ó nílò owó, nítorí pé a kò lè sọ pé kí olùkọ́ ìṣirò lọ máa se ẹ̀wà. Ẹ wá obìnrin kan tí ẹ lè pè ní ọjọ́ tí ara ìyá kò bá yá, kí ẹ san owó ọjọ́ náà fún un. Mo gbàgbọ́ pé kò ní tó ìdajì ohun tí ẹ ná sí ti kíláàsì mi tí ẹ tì pa, nígbà tí ẹ ra ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò tí ẹ fi fọ gbogbo tábìlì.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni adójútòfò ìlera. Òfin tí ó dá NHIA, àjọ tí ń bójú tó adójútòfò náà, sílẹ̀ ní ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé orílẹ̀-èdè yìí, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni sì wà nínú wọn. Kò sí ẹyọ kan nínú wa tí ó ní in. Bí ẹ bá fẹ́ máa rí ìwé dókítà, ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ jẹ́ kí a ní dókítà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kù kí a lọ fún ìsinmi. A ń bẹ̀ yín kí ẹ pe ìpàdé kí ọjọ́ náà tó kò, kí ìyá alásè àti Malam wà níbẹ̀, kí wọ́n sì lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a óò gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wa tí mọ́kànlá buwọ́ lù lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àárín ìlú. Ní ti ìtanràn tèmi, mo jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fi ti kíláàsì mi pa, ẹ sì ti yọ ₦15,000 nínú owó oṣù mi. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dá padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kíláàsì kejì, Kubwa, Abuja